Yóò Lè

Ní òpin ẹ̀kọ́ yìí, akẹ́kọ̀ọ́ yóò lè:
bí mo ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ọdún kọkànlá rèé,
nínú ìwé ètò-ẹ̀kọ́ tí èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ti bó,
tí Ọ̀gá Fátúnlà máa ń buwọ́ lù láì ṣí i kọjá ojú ewé kìíní.
Yóò lè wọn ìgbóná omi.
Mo kọ ọ́ gàdàgbà. Mo fa ìlà sí i nídìí.

Lábẹ́ rẹ̀, iṣẹ́ olùkọ́: yóò ṣàlàyé.
Iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́: yóò gbọ́, yóò dà á kọ.
Ìdánwò: kí ni à ń pè ní tẹmọmíta?
Bí ọmọ ìyá mẹ́ta tí kì í kí ara wọn.

Ìkọ̀gòsì ni mo sì ti ń ṣe èyí o,
Ìkọ̀gòsì tí omi gbígbóná ti ń sun,
tí omi tútù ń gba ọ̀nà tirẹ̀ bọ̀ wá pàdé rẹ̀,
tí àlejò ń wọkọ̀ láti ọ̀nà jíjìn wá ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́.
Èmi ń fi ṣọ́ọ̀kì ya tẹmọmíta sára pátákó
tó ti funfun bí ẹsẹ̀ ọmọ tó rìn nínú eruku ọyẹ́.
Ojúlówó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ọ̀gá,
ó fi òwú wé e bí ọmọ tuntun, kó má baà fọ́.
Kò fọ́ lóòótọ́. Kò sì wọn nǹkan kan rí.

Ìbíjọkẹ́ ló dá mi dúró.
Ó gba mẹ́wàá nínú mẹ́wàá,
ó ka ìtumọ̀ náà láì mí, bí àkọ́sórí ọjọ́ ìkórè.
Ní Sátidé mo bá a létí odò, ó ń fọ aṣọ.
Mo ní, ibo ni omi yìí ti gbóná jù? Báwo lo ṣe mọ̀?
Ó wo ojú mi. Ó wo omi.
"Mà, a ò tíì kọ ìyẹn sí nóòtì."

Fámákinwá, tó gba méjì, ti ki ìgbọ̀nwọ́ bọ omi.
"Ibi àpáta yìí ni, mà.
Bó bá fi máa dé ìsàlẹ̀ ulé wa, ó ti rọlẹ̀."
Ulé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti fi yíǹkì pupa
fagi lé ọ̀rọ̀ yẹn nínú ìwé rẹ̀.

Lóru ọjọ́ náà mo bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀.
Kí ni ọmọ yóò ṣe níwájú mi
tí n ó fi mọ̀ pé ó ti mọ̀ ọ́n?
Yóò wọn omi níbi mẹ́ta, yóò sọ ìdí tí wọn kò fi dọ́gba.
Kí ni ó gbọ́dọ̀ ti ṣe ṣáájú?
Yóò ti di tẹmọmíta mú. Yóò ti ṣì í kà.
Yóò ti bá ẹnìkejì rẹ̀ jiyàn.
Èmi ńkọ́? Mo pa "yóò ṣàlàyé" rẹ́.
Mo kọ "yóò dákẹ́ díẹ̀".
Ìyẹn ló ṣòro kọ jù.

Ọ̀gá ní ta ni yóò sanwó bó bá fọ́.
Mo ní èmi ni. Mo buwọ́ lùwé.
Ọmọ méjìlélógójì, tẹmọmíta kan ṣoṣo.

Òjò ti rọ̀ lóru, ilẹ̀ ń yọ̀.
Ìbíjọkẹ́ dorí rẹ̀ kodò, Fámákinwá ní, "Yí i!"
Ó kà á, àmọ́ kò lè kọ ọ́ sílẹ̀;
Ìbíjọkẹ́ gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀.
Níbi tí omi méjèèjì ti pàdé, ariwo sọ.
Ẹnìkan ní irọ́ ni, ẹ tún un wọ̀n.
Ìdáhùn wà lẹ́nu mi bí ẹyin gbígbóná.
Mo pa ètè dé.

Tẹmọmíta ò fọ́. Bàtà mi ló já.
Lálẹ́ mo tún ṣíwé: ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, oríṣi ilẹ̀.
Akẹ́kọ̀ọ́ yóò lè...
Mo gbé bírò dúró,
mò ń wo ẹrẹ̀ tó gbẹ mọ́ mi lẹ́sẹ̀.